Ó Pa Ìkìlọ̀ Lẹ́nu Mọ́

Ìwọ tí o ní páwà-báìkì nílé, tàbí tí ọmọ rẹ ní i, fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í mutí. Kì í mu sìgá. Ó ní àṣíborí tó dáa, ó ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó nípọn, ó ní ìbọ̀wọ́, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sì pé. Bó bá jẹ́ ọtí àti àìdé àṣíborí nìkan ló ń pa àwọn tó ń gun alùpùpù, ì bá ṣì wà pẹ̀lú wa. Kókó kékeré kan tó fi ìka méjì yí ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ló mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ wà láàyè, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Ìyá náà ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi bò. Àwọn ọmọ ẹlòmíì ń gùn ún."

Ọmọ náà ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa ní Ìkejà, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, ó ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tó tọ́jú owó díẹ̀, ó ra alùpùpù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sáré ìdíje, ẹ́ńjìnnì 600 cc. Ọjọ́ tó gbé e wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ gbé òróró jáde, ó fi kan táǹkì, ó fi kan háńdù, ó gbàdúrà sí i. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tó dúró níbẹ̀ tí à ń ṣe àmín, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó gùn ún kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, bí onítọ̀hún ṣe wúwo tó, tàbí ohun tó ti yí níbẹ̀ tí kò yí padà.

Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ lórí Afárá Third Mainland ní àárọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ibẹ̀ mọ àwọn oríkèé irin tó so afárá náà pọ̀, bí táyà ṣe máa ń dún gbì lórí wọn. Ó yí iná sí i, ó gun ọ̀kan nínú àwọn oríkèé náà, ni háńdù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kíá-kíá. Kò pẹ́ tó fi dá. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Nígbà tó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gun báìkì, ọ̀kan nínú wọn fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní, "Báìkì ń jó fún ẹ ni, fún un lówó."

Ìgbà kejì, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbígbọ̀n náà pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ fi apá méjèèjì gbá a mú, ó ń pariwo Jésù.

Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tọ ẹ̀gbọ́n kan lọ ní Múṣín, àgbà mẹkáníìkì tó ti pẹ́ nídìí alùpùpù ńláńlá, tó máa ń tún wọn ṣe fún àwọn tó ń fi wọ́n sáré ìje. Ẹ̀gbọ́n yìí kò tú ohunkóhun. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Kílò mélòó ni ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo tó 104."

"Pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà ńkọ́?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ṣe sípíríǹgì tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì yìí, ènìyàn bíi kílò 75 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò ronú kan irú ìwọ yìí."

Ó wá pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n gbé ìdí alùpùpù náà sókè títí táyà ẹ̀yìn fi rọ̀ dirodiro. Ẹ̀gbọ́n fi tépù irin wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé àmì kan tó fi ẹfun fà sí lábẹ́ ìjókòó. Mìlímítà 620. Ó kọ ọ́ sára ògiri. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí ọmọ náà wọ gbogbo ẹ̀wù ìgùn rẹ̀, kó gorí rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó tó bá ń lọ. Ọmọṣẹ́ kan di iwájú mú kó má ṣubú. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tẹ ìdí alùpùpù náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sílẹ̀ kó rọra padà, ó tún fi tépù sí i. 562.

"Wò ó," ó ní. "O ti rì wọlẹ̀ ní mìlímítà 58 kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rárá. Ó yẹ kó wà láàárín 30 sí 40. Gbogbo àyè tí ṣọ́ọ̀kì yìí ní kò ju bíi 130 lọ. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ tán níbi tí o jókòó sí. Tí àbúrò rẹ bá gorí rẹ̀ ńkọ́?"

Ó mú sípánà tí wọ́n fi ń yí òrùka orí ṣọ́ọ̀kì, kó lè fún sípíríǹgì náà pọ̀ sí i. Òrùka náà kò yí. Ẹni tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ ti yí i dé òpin. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tí yíyí lè ṣe mọ́, sípíríǹgì náà fúnra rẹ̀ ló rọ̀ jù fún un. Ó ní kó pààrọ̀ rẹ̀, ti ẹ̀yìn àti ti inú fọ́ọ̀kì iwájú. Ó ní wọn yóò bá a béèrè rẹ̀ láti òkè òkun. Ó wá fi okùn ike tín-ín-rín kan so ọ̀pá fọ́ọ̀kì iwájú, irú èyí tí àwọn oníná fi ń di wáyà, ó ní kó máa wo ibi tí okùn náà bá ń sún dé tó bá ti ìrìn dé. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o dì mú:

"Kó tó dé, má sáré. Má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Mímì tí ò ń rí yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹ sọ. Má wá ohun tí yóò pa á lẹ́nu mọ́."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìmọ̀ ló pa á.

Owó sípíríǹgì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n sàlẹ́ńsà kan wà ní ọjà Ládípọ̀ tó ti ń wù ú tipẹ́, èyí tó ń dún bí alùpùpù bá kọjá tí gbogbo ènìyàn yóò yíjú. Ó ra ìyẹn ná. Ó ra dáńpà háńdù aláwọ̀ wúrà kan mọ́ ọn, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ló ń pa mímì. Owó sípíríǹgì di ti oṣù tó ń bọ̀. Ìwọ náà mọ ọ̀nà tí owó ń gbà rìn. Ohun tí ojú ń rí la kọ́kọ́ máa ń rà. Ta ni yóò dúró lójú títì kó máa yin sípíríǹgì tó wà nínú fọ́ọ̀kì?

Nígbà tó yá, ó san owó rẹ̀. Sípíríǹgì dé ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù pé kó gbé alùpùpù náà bọ̀ wéré, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, torí wọn yóò tú fọ́ọ̀kì iwájú, wọn yóò da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, wọn yóò wọn òmíràn sí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó di Mọ́ńdè."

Kí ló fẹ́ ṣe ní Sátidé? Ó fẹ́ gẹ irun. Ó fẹ́ fọ alùpùpù náà kó máa dán. Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ wọn ń lọ sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wọ ìlú, àwọn tó ń ya fọ́tò yóò sì dúró dè wọ́n. Ó ti ṣèlérí fún àbúrò rẹ̀ pé òun yóò gbé e lọ.

Jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní Sátidé yẹn, ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ kò ju bí ìka ọwọ́ kan lọ, gbogbo wọn ló sì rọrùn. Ó lè gbé alùpùpù lọ sí Múṣín kí irun rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ó lè wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Mọ́tò ìyá rẹ̀ wà lágbàlá, epo wà nínú rẹ̀. Ó lè gun alùpùpù náà lọ ní òun nìkan, jẹ́jẹ́, kó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó bá ìyá wọn lọ. Kò sí èyí tí yóò ná an ju kí àwọn ọ̀rẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ọkùnrin tó ní sàlẹ́ńsà tuntun kò fẹ́ wọ mọ́tò ìyá rẹ̀ lọ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń gun báìkì.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gbé alùpùpù náà jáde lọ dán an wò lójú títì àdúgbò. Ó ti yí kókó dáńpà náà sí àárín nígbà tó rà á. Ó sáré díẹ̀, háńdù tún gbọ̀n. Ó padà wálé. Ó pe àbúrò rẹ̀ pé kó fi fóònù tan iná sí òun lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló ròyìn èyí fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tẹrí ba sórí táǹkì, ó fi ìka méjì mú kókó dáńpà náà, ó yí i, ó dún kẹ́. Ó mi háńdù wò. Ó tún yí i, kẹ́, kẹ́. Ó tún mi háńdù. Ó ń yí i lọ bẹ́ẹ̀ títí kò fi yí mọ́. Háńdù wá le, ó wúwo, èèyàn ní láti fi agbára tì í kó tó yà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nàró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ti jókòó jẹ́jẹ́."

Àbúrò bi í pé, "Sípíríǹgì tí ẹ ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Mọ́ńdè."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni. Ó mọ ohun tó fa mímì náà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri. Ohun tí yóò wò ó sàn ti dé, ó ti san owó rẹ̀, ó wà lórí tábìlì ní Múṣín nínú ọ̀rá. Síbẹ̀, ó yàn láti pa ẹnu ohun tó ń kìlọ̀ fún un dé, ó sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kóra jọ ní Bẹ́jà. Ọ̀nà dá. Wọ́n kọjá OPIC, wọ́n kọjá Kárà tí wọ́n ti ń ta màlúù, wọ́n gun Lọ́ńgì Bíríìjì. Ibẹ̀ ni àwọn tó wà níwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òun náà sì yí iná. Ẹni tó gun alùpùpù tó tẹ̀ lé e sọ pé mítà òun ti kọjá 160, ọmọ náà sì ń fi òun sílẹ̀. Eré yẹn ti pọ̀ ju ohun tí òfin ojú pópó gbà lọ, ẹ̀bi tirẹ̀ sì nìyẹn lọ́tọ̀. Gbogbo wọn ló jẹ ẹ̀bi yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni kò padà wálé.

Wọ́n gun oríkèé afárá. Ìdí alùpùpù náà rì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹni méjì títí kò fi ní àyè mọ́, ó gbún wọn sókè. Àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ní háńdù kò gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀. Odindi alùpùpù náà ló ń yí ìdí, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbòòrò sí i. Ọmọ náà pa iná lójijì, ó di háńdù mú gírígírí, ó tẹ bíréèkì iwájú. Kò ṣe é ṣàkóso mọ́.

Kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Itan ọ̀tún àbúrò rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, ó sì ń fi ọ̀pá rìn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ilé ọ̀fọ̀, o mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní bóyá bàbá rẹ̀ tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Arábìnrin kan lá àlá. Ìyá náà jókòó láàárín wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Múṣín dìde. Ó ní òun ti lọ wo alùpùpù náà níbi tí wọ́n gbé e sí, rọ́bà tó ń gba ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dúró tó bá rì dé òpin ti fọ́, okùn ike tí òun so mọ́ fọ́ọ̀kì iwájú ti sún dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kókó dáńpà sì wà ní òpin. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ayé sílẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n fún un." Ó jókòó, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbà. Bí a bá ń di gbogbo ẹ̀bi ru àjẹ́, a ò ní yí nọ́ọ̀tì kan láé.

Ó yẹ kí o lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má baà dà bí àdììtú. Ìwọ̀n ara rẹ ni sípíríǹgì ń gbé. Bí ó bá rọ̀ jù fún ọ, ìdí alùpùpù á rì, iwájú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Bóo bá ti rí ọkọ̀ ojú omi ní Mákòkó tí wọ́n di gbogbo ẹrù sí ẹ̀yìn rẹ̀, wàá ti rí i bí imú rẹ̀ ṣe ń yọ sókè tí kò sì gbọ́ràn sí àjẹ̀ mọ́. Táyà iwájú tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa kò lè mú ọ̀nà, pàápàá tí o bá yí iná sí i. Bó bá gun gegele, ó máa ń padà balẹ̀ lọ́nà wíwọ́, á wá máa wá ọ̀nà rẹ̀ padà, ọ̀tún, òsì. Ìyẹn ni gbígbọ̀n tó ń wà lọ́wọ́ rẹ. Ó máa ń yára, bíi ìgbà 6 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń dá fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Fífì tó pa ọmọ yìí yàtọ̀. Ti odindi alùpùpù ni, kò yára tó bẹ́ẹ̀, bíi ìgbà 2 sí 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré gíga ló sì máa ń mú un jáde. Dáńpà tí wọ́n fún le jù lè pa ti àkọ́kọ́, kó sì fi àyè gba ìkejì, torí táyà iwájú kò rí àyè yà díẹ̀díẹ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ẹrù ẹ̀yìn àti sípíríǹgì tó rọ̀ a tún máa bù kún un. Dáńpà kì í ṣe ohun búburú o. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìdíje ló ń bá a jáde láti ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran ohun tó ti tọ́ lọ́wọ́.

Má rò pé àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1997, ilé iṣẹ́ Suzuki ti Jàpáànù gbé alùpùpù kan jáde tí wọ́n pè ní TL1000S. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 996 cc, ó gùn, ó sì gba àyè tó yẹ kí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wá ya sípíríǹgì sọ́tọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí po dípò ṣọ́ọ̀kì tí a mọ̀. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kéré. Bó bá ti gbóná, agbára rẹ̀ a dín, ìdí alùpùpù a sì máa ṣe bó ṣe fẹ́. Alùpùpù náà lágbára, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, háńdù wá ń gbọ̀n mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ náà pe àwọn alùpùpù náà padà, wọ́n sì fi dáńpà háńdù sí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń yí po náà sọnù, wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì gidi tó bá ìwọ̀n ara wọn mu, wọ́n sì ń gùn ún títí di òní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtọ́jú méjèèjì yẹn ni ẹ̀gbọ́n Múṣín ń gbìyànjú láti sọ fún ọmọ wa.

Ó yá, ìwọ náà ńkọ́? Ǹjẹ́ o ti wọn tìrẹ rí?

Kò gba owó. Tépù kan, àti ọ̀rẹ́ méjì tó lè dúró tì ọ́. Wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀, kí o tún wọ̀n ọ́n nígbà tí o bá jókòó lé e pẹ̀lú gbogbo ẹ̀wù ìgùn rẹ. Yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Bí ó bá ju 40 lọ, fún sípíríǹgì pọ̀. Lẹ́yìn náà, sọ̀kalẹ̀, kí o wọn ti alùpùpù náà nìkan láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í dé. Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ ṣì rì díẹ̀ fúnra rẹ̀, bíi mìlímítà 5 sí 10. Bí kò bá rì rárá, tí o sì ti fún un pọ̀ kó tó gbé ọ, sípíríǹgì náà rọ̀ jù fún ọ ni, yíyí kò lè ràn án. Pààrọ̀ rẹ̀.

Bí o bá jẹ́ ènìyàn tín-ín-rín, bóyá arábìnrin oníkílò 55, òdìkejì ni tìrẹ lè jẹ́. Sípíríǹgì á le jù, táyà á máa ta pọ́ún pọ́ún lórí gegele, kò ní rì tó 25. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o sanra sí i.

Àwọn kókó kéékèèké tó wà lórí fọ́ọ̀kì àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń dún kẹ́kẹ́, àwọn ló ń pinnu bí fọ́ọ̀kì ṣe ń yára rì àti bó ṣe ń yára padà sókè. Má yí wọn lálẹ́, má yí wọn nítorí pé ẹnìkan ní kí o yí wọn. Kọ́kọ́ pa wọ́n dé òpin, kí o máa ka iye ìgbà tó dún, kí o kọ iye náà sínú ìwé, kí o dá a padà síbi tó wà. Ìgbà yẹn lo tó lè yí ọ̀kan ṣoṣo, díẹ̀, kí o gba ọ̀nà kan náà lọ gùn ún wò. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti ti ọ̀pá fọ́ọ̀kì yọ sókè kọjá ibi tí wọ́n ti dì í mú lórí, kí iwájú lè rẹlẹ̀, kó sì máa yà kíákíá, dá a padà sí iye tí ìwé alùpùpù náà sọ. Tòkunbọ̀ tó ti sá ìdíje rí sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mìlímítà márùn-ún péré níbẹ̀, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n.

Bí háńdù bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú ọ̀nà, má di í mú pinpin. Fi orúnkún rẹ gbá táǹkì mú, tẹ̀ síwájú díẹ̀, rọra dín iná kù, má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù kì í jẹ́ ká rántí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o sọ ọ́ fún ara rẹ báyìí, nígbà tí o jókòó lórí àga nílé.

Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ gbé ẹnìkan sẹ́yìn, yí òrùka ẹ̀yìn kí o tó gbéra, kí o sì dá a padà nígbà tí o bá dé. Lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà ní àárọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù, kó wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí o sì wo iye tí ìwé alùpùpù rẹ sọ. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìdíje ń lo PSI 36 níwájú àti 42 lẹ́yìn. Bí háńdù bá tún ń mì lẹ́yìn gbogbo èyí, wo bíárìn ọrùn rẹ̀ bóyá ó ti ń ṣeré, wo táyà bóyá ó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wo rímù bóyá ihò Èkó ti tẹ̀ ẹ́. Kókó dáńpà ni kí o fọwọ́ kàn kẹ́yìn.